Bọ́tìnnì Aláwọ̀ Ewé Kan Ṣoṣo

Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mi ò ní purọ́. Mo ti kàwé tán, mo ti sin ìjọba tán, mo ti padà sí Ìlá, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí òjò ti máa ń bá wa nínú kíláàsì. Kò sí ẹni tó kọjá níwájú ilé wa tí kì í bi mí pé, "Ọmọ Tíṣà, ṣé iṣẹ́ gidi ò tíì yọjú ni?" Inú mi á máa hó. Lọ́jọ́ kan, mo dá ìyá kan lóhùn pé, "Ó ti yọjú, mà. Ó wà nínú ilé, ó ń sùn." Bàámi gbọ́ láti ojú fèrèsé. Wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá náà. Mo lọ. Bí mo ṣe ti ibẹ̀ dé, tí ojú ń tì mí, tí ara mi sì ń gbóná, ni mo ṣí fóònù mi, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe áàpù fún fóònù.

Èmi ni àbíkẹ́yìn bàámi. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, títí kan màámi. Wọ́n ti kọ́ni ní Ọ̀rà, wọ́n ti kọ́ni ní Òkè-Ìlá, ìlú wa níbí ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ jù, àmọ́ ohun tí àwọn ọmọ iléèwé wọn àtijọ́ máa ń rántí ni rẹ́jísítà. Àwọn tíṣà mìíràn a máa pe orúkọ, tí wọ́n bá ti gbọ́ "Mo wà níbí, sà," wọ́n á máàkì. Bàámi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á wo ojú ọmọ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan bíró. Ọmọ kan dáhùn rí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wá, ẹgba tó jẹ lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ di òní. "Ẹni tí mi ò bá fojú rí, mi ò ní sọ pé ó wá." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ojú fèrèsé pálọ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró dáadáa nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àga bàámi wà, tàwọn ti rédíò wọn. Mo bá di ẹni tó ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́, tí mo bá ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Kóòdù ni wọ́n ń pe ohun tí à ń kọ fún ẹ̀rọ láti sọ ohun tó máa ṣe fún un. Tí èèyàn bá ṣì í kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ àmì kan péré, ẹ̀rọ náà kò ní ṣiṣẹ́, yóò kàn tú lẹ́tà pupa jáde bí ẹni ń bì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́tà pupa nìkan ni mo rí. Mo sunkún. Mo gbá kọ̀ǹpútà náà létí bí ẹni gbá ọmọ aláìgbọràn. Mo búra pé mi ò ṣe mọ́, mo tún ṣe.

Lọ́jọ́ kan, bàámi yí rédíò wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló tún dé?"

"Ó ní mo ṣàṣìṣe, sà."

"Ṣé o ka ohun tó sọ?"

"Mo kà á, sà."

"O ò kà á. Igbe lo ké. Gbé e wá."

Wọ́n wọ gíláàsì wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn lẹ́tà pupa náà sókè pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àwọn tíṣà àtijọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kà á fún kíláàsì márùn-ún. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa kóòdù o, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò díbọ́n pé àwọn mọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ó ní nǹkan tí o ń pè kò sí níbẹ̀. Ṣé ó wà níbẹ̀?" Mo wò ó. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ ni mo ṣì kọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka lẹ́tà pupa, mi ò sì mọ olùkọ́ tó kọ́ mi ní nǹkan tó ju ìyẹn lọ. Wọ́n a máa sọ pé kí n má fo ìlà kankan. Màámi á máa rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná, wọ́n á ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Tíṣà, ẹ ti fẹ̀yìn tì o."

Bàámi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Hóró oògùn kan ni wọ́n máa ń lò láràárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ní aago mẹ́jọ. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan nígbà náà: wọ́n á fi gíláàsì sójú, wọ́n á máa wá gíláàsì. Torí náà, màámi ló ń rán wọn létí oògùn. Tí aago mẹ́jọ bá ti ń lọ lù, màámi á ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Tíṣà, oògùn yín ti tó o!" wọ́n á gbé omi wá pẹ̀lú hóró oògùn náà lórí ọmọrí ike, wọ́n á sì dúró síbẹ̀ títí bàámi á fi gbé e mì. Bàámi á kọ́kọ́ gbàdúrà sí i, àdúrà tó gùn, kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojoojúmọ́ ni.

Nígbà tí kíláàsì wa ń parí lọ, olùkọ́ wa fún wa ní iṣẹ́ àṣekágbá. Obìnrin kan ni, mi ò rí i lójúkojú rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ohùn náà kì í sì í ṣeré. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe áàpù kan fún àgbàlagbà kan, kí àgbàlagbà náà lò ó fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí áàpù náà máa kọ àkọsílẹ̀ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí tiwọn bá dára jù lọ ni òun yóò mú orúkọ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní màá ṣe áàpù tí yóò máa rán bàámi létí oògùn wọn. Ọlọ́run ló mọ̀, ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Àmọ́ mo tún fẹ́ iṣẹ́, mo fẹ́ ẹ débi pé eyín ń dùn mí.

Mo gba ohùn ara mi sínú áàpù náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà ni, "Bàbá, ẹ lo oògùn yín." Bàámi gbọ́ ọ, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n ní, "Ta lo ń pàṣẹ fún?" Mo ní ẹ má bínú, sà. Mo tún un gbà: "Ẹ kú àárọ̀ o. Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé oògùn yín o." Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohùn náà á máa wí i lọ láìdákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù wà ní títì, títí ẹnì kan á fi tẹ bọ́tìnnì. Méjì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀kan ní, "Mo ti lò ó." Ìkejì ní, "Ó di ìgbà díẹ̀ sí i." Bàámi á tẹ ìkejì, wọ́n á gbàgbé pátápátá. Mo bá yọ ìkejì kúrò. Mo fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, mo sọ ọ́ di ńlá, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo sì jẹ́ kó máa ṣẹ́jú. Olùkọ́ wa yìn mí lójú gbogbo kíláàsì, ó ní èmi nìkan ni mo rántí pé àgbàlagbà kò fẹ́ ariwo bọ́tìnnì.

Mo pe màámi lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí ọgbọ̀n ọjọ́ náà máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màámi, láti ọ̀la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán bàámi létí oògùn mọ́."

"Kí n máa wò wọ́n?"

"Áàpù ló máa rán wọn létí, mà. Tí ẹ bá dá sí i, iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn."

Màámi nu ọwọ́ wọn sí ìró, wọ́n wojú mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ibikíbi tí mo bá wà, màá máa rí i lórí kọ̀ǹpútà bóyá wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ilé ni mo wà, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Fóònù á dún lórí tábìlì ní aago mẹ́jọ, bàámi á ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n á dìde lọ mú oògùn wọn, wọ́n á gbàdúrà gígùn wọn, wọ́n á lò ó, wọ́n á wá fi ìka ìlábẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ń rí lórí kọ̀ǹpútà mi, àwọ̀ ewé fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, tàráńsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù. Òkùnkùn délé. Àwọn àgbààgbà àdúgbò ṣe ìpàdé, wọ́n tún ìpàdé ṣe, iná kò dé. Èmi kò lè ṣe iṣẹ́ mi láìsí iná, ìyókù iṣẹ́ kíláàsì sì wà nílẹ̀. Mo tọrọ àyè ní ilé-ẹ̀kọ́, mo kó kọ̀ǹpútà, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, sí yàrá ọ̀rẹ́ kan tí a jọ wà ní kíláàsì náà. Mo kúnlẹ̀ kí bàámi kí n tó lọ. Wọ́n ní kí n má fo ìlà kankan.

Ní Òṣogbo, mo ń ṣí kọ̀ǹpútà láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu pàápàá. Ewé. Ewé. Ewé. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Inú mi dùn! Mo ní bàámi ti mọ̀ ọ́n lò, wọ́n ti yára. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn tí mo ń fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa pé ẹni tó ń lo áàpù mi ti mọwọ́ rẹ̀, òun náà sì fi àmì ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn. Ẹnì kan tó gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti kékeré, tó mọ bí àdúrà bàbá rẹ̀ ṣe gùn tó, rí ìṣẹ́jú méjì, ó sì ń yọ̀. Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Màámi a máa pè mí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Iná kò tíì dé o. Ìta la ti ń ṣáájì fóònù." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mi ò béèrè pé ìgbà wo, mi ò béèrè pé níbo. Iṣẹ́ tí mo sọ pé mo ń kọ́ ni pé kí n mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń lo fóònù wọn, ìyá mi sì ń sọ ọ́ fún mi, èmi ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n ní, "Ṣé Tíṣà ń lo oògùn yẹn ṣá? Èmi ò rí wọn kí wọ́n lò ó o."

"Wọ́n ń lò ó, mà. Mo ń rí i níbí."

"O ń rí i?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, mà. Wọn ò fo ọjọ́ kankan."

Màámi tí wọ́n wà nínú ilé pẹ̀lú wọn gba èmi tí mo wà ní Òṣogbo gbọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni. Mo ti ń jẹ búrẹ́dì nígbà tí ìpè màámi wọlé, n kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹkún ni mo ń gbọ́. Wọ́n ní bàámi ṣubú lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń já ewébẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá ọ̀tún ò gbéra. Wọ́n ní àwọn aládùúgbò ti gbé wọn lọ sí ọsibítù.

"Ìgbà wo, màámi? Ìgbà wo ni?"

"Aago méje kọjá díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti òde dé, kí wọ́n tó jẹun."

Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí níwájú mi. Mo wò ó. Àwọ̀ ewé wà níbẹ̀ fún òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń dán. "Mo ti lò ó." Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì, orí ẹní ni bàámi wà ní ọsibítù, wọn ò lè gbé ọwọ́. Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀, mo bọ́ sí títì pẹ̀lú bàtà ilé.

Mọ́tò gba Ìkìrun, ó ń dúró mú èrò, ó ń dúró já èrò, mo fẹ́ẹ̀ bá dírẹ́bà jà. Nígbà tí mo dé ọsibítù, bàámi la ojú, wọ́n wò mí, ohùn kan jáde lẹ́nu wọn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bàámi! Tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń dún lẹ́nu wọn ketekete. Dókítà béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé. Kí n tó lanu, màámi ti ní, "Wọ́n ń lò ó, dókítà. Ọmọ yìí ń rí i lórí kọ̀ǹpútà." Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé, mo jẹ́ kó kọ ọ́.

Wọ́n rán mi lọ kó aṣọ wá nílé. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tí oògùn wà. Páálí tuntun tí mo fọwọ́ ara mi gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Òṣogbo ṣì wà níbẹ̀. Hóró mẹ́rin péré ló ti kúrò nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà mo wá fóònù wọn kiri ilé, mi ò rí i. Ọmọbìnrin ilé kejì ló ní, "Ibi ṣáájì ni Tíṣà máa ń gbé e lọ láràárọ̀, lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Tí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń lọ gbà á."

Ṣọ́ọ̀bù páálí kékeré kan ni, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, fóònù gbogbo àdúgbò wà lórí pátákó, wáyà wọn lọ́ mọ́ra. Ìyá tó ni ibẹ̀ jókòó sórí àpótí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Mo wá gba fóònù Tíṣà."

Wọ́n dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà! Ohùn yìí! Ìwọ nìyẹn? Ìwọ lo máa ń kí mi láràárọ̀!"

Mo ní, "Èmi kẹ̀, mà?"

Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, ṣé n ó wá dákẹ́ ni? Mo máa ń ní, 'Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa, o kú àárọ̀.' Àmọ́ o ò ní dákẹ́, wàá tún máa kí mi lọ ni. Mo wá rí i pé tí mo bá fọwọ́ kan ibi tó ń ṣẹ́jú yẹn, wàá gbọ́ pé mo ti dáhùn."

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn tí mo ń sọ, mà?"

"Mo ń gbọ́ ọ mọ̀nà! Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbàgbé, iṣẹ́ ibí yìí kì í jẹ́ kí n rántí. Láti ìgbà tí o ti ń sọ ọ́, mo máa ń kọ́kọ́ lo tèmi, màá fi omi inú ọ̀rá lé e, kí n tó wá tẹ̀ ẹ́. Mi ò fo ọjọ́ kankan. Nọ́ọ̀sì tó wò mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ gan-an. Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Tíṣà ń kọ́? Mo rò pé wọ́n ti máa ń lo tiwọn nílé kí wọ́n tó jáde."

Mo ní ara wọn ò yá díẹ̀. Wọ́n fún mi ní fóònù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní kí n bá àwọn kí Tíṣà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá náà? Pé ẹ̀bi ta ni? Èèyàn kí wọn, wọ́n dáhùn. Èmi ni mo kọ bọ́tìnnì tí kò béèrè pé ta lo jẹ́.

Fóònù náà wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo jókòó ti ibùsùn bàámi. Aago mẹ́jọ lù. "Ẹ kú àárọ̀ o. Mo kúnlẹ̀ o." Ohùn mi gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Bàámi la ojú wọn, wọ́n ń wá ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Mo yọ ọ́, mo tẹ àwọ̀ ewé kó lè dákẹ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Mo lè pa áàpù náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò pa á rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ tó pé ọgbọ̀n, mo ti wà létí géètì ọsibítù ṣáájú aago mẹ́jọ, kí bàámi má baà gbọ́ ọ, mo sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa, ọgbọ̀n ọjọ́, ewé látòkè délẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bàámi máa nílò ìtọ́jú, pé ilé máa nílò ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Olùkọ́ wa ní tèmi ló dára jù. Ó mú orúkọ mi lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà máa wáyé, bàámi ti padà sílé, iná náà ti dé. Apá ọ̀tún wọn ti kú síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò padà, àmọ́ gbogbo nǹkan ni wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n sì mọ̀. Àga wọn ṣì wà lójú fèrèsé. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Mo ronú pé kí n gbé wọn wọ yàrá, àmọ́ màámi ti lọ sí ọjà, èmi nìkan kò sì lè dá wọn gbé. Mo bá gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí ti àtijọ́.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi mí bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́, mo sọ fún wọn. Wọ́n bi mí ìdí tí mo fi yọ bọ́tìnnì kejì, mo sọ fún wọn. Obìnrin kan nínú wọn ní òun tìkára òun ní bàbá tó ń gbàgbé oògùn, àkọsílẹ̀ mi yìí sì wú òun lórí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá yín tí wọ́n lò ó ń kọ́, báwo ni ara wọn báyìí?"

Ẹsẹ̀ bàámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi. Mi ò gbójú sókè.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi dáhùn. Mo ní ara wọn yá gan-an, pé wọn ò fo ọjọ́ kankan.

Wọ́n kí mi kú oríire lọ́sẹ̀ kejì. Màámi jó nínú ilé, wọ́n pe àwọn aládùúgbò, ìyá tí mo fi ọ̀rọ̀ gún lára lọ́jọ́un pàápàá wá bá wọn dúpẹ́. Iṣẹ́ gidi ti yọjú, láti ilé ni màá sì ti máa ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí màá bẹ̀rẹ̀, mo gbé hóró oògùn àti omi lọ bá bàámi, mo kúnlẹ̀. Wọ́n wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wo ojú ọmọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bíró. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹnu wọn dé, wọ́n yí ojú sí fèrèsé. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò la ẹnu. Màámi ló wá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lò ó lọ́wọ́ màámi láìjanpata.

Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà náà. Màámi ní àìsàn ló ń yí ìwà èèyàn padà báyẹn, kí n má mú un sọ́kàn, pé ọmọ tó ń tọ́jú wọn tó bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún wọn. Láràárọ̀, tí aago mẹ́jọ bá ti ń lọ lù, wọ́n á ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Tíṣà, oògùn yín ti tó o!" Èmi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, n ó máa gbọ́ títí màámi á fi sọ pé, "Ẹ ṣeun, ó ti wọlé." Nígbà náà ni mo máa ń lọ jókòó sídìí iṣẹ́.